Bí ẹ ṣe lè fi oúnjẹ tó ṣara lóore rọ́pò Indomie nígbà tí ẹ bá ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá pinnu láti dín ara kù ló máa ń kọ́kọ́ pa Indomie tì. Ọjọ́ Ajé dé, wọn ò jẹ ẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, wọn ò jẹ ẹ́. Nígbà tó bá fi di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n ti mú iná lọ, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, ebi sì ti dé góńgó. Omi á ti wà lórí iná kí wọ́n tó bọ́ bàtà tán. Méjì ni wọ́n sì máa ń sè lálẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ má pe ara yín ní ọ̀jẹun nítorí ìyẹn. Indomie ni gbogbo wa ń pè é, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, ohun tó sì fi ń borí wa ni pé ó yá, ó gbóná, ó ta lẹ́nu, ìkòkò kan ṣoṣo ló sì ń bà jẹ́. Oúnjẹ tí kò bá ní nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò lè gba ipò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ti rẹ ènìyàn. Sàláàdì tútù kò lè gbà á, èso kan ṣoṣo náà kò lè gbà á. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni pé kí oúnjẹ mìíràn yá bíi tirẹ̀, kó gbóná, kó láta, kó sì mú yín yó di àárọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nígbà tí ara ṣì le.

Ọ̀rọ̀ kan kí a tó wọ ibi ìdáná: bí ẹ bá ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, bí kídìnrín bá ń yọ yín lẹ́nu, bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yí oúnjẹ padà. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tó ṣàdédé dín oúnjẹ kù, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ewu. Ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú náà, kó dín ata inú gbogbo ohun tí mo máa kọ sílẹ̀ yìí kù.

Ohun tí ẹ nílò

Gbogbo rẹ̀ wà lọ́jà àdúgbò yín. Fún ẹnì kan, fún ọ̀sẹ̀ kan:

- Ẹ̀wà olóyin, ààbọ̀ díríkà
- Tàtàsé mẹ́fà, tòmátò mẹ́rin, ata ròdò méjì sí mẹ́rin, àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta
- Irú, edé lílọ̀, atalẹ̀, aáyù, efinrin
- Kábéèjì kan tó le tó sì wúwo lọ́wọ́, kárọ́ọ̀tì márùn-ún
- Ẹyin méjìlá
- Ẹja títù tàbí pańla. Bí iná kì í bá dúró ládùúgbò yín, ẹja gbígbẹ
- Ẹ̀fọ́ tí ẹ bá rí: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ tàbí ùgú
- Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, méjì
- Óòtì, ọ̀rá kékeré kan
- Abọ́ rọ́bà onídèérí kéékèèké, bíi mẹ́wàá
- Ṣíbí ìjẹun kan àti ṣíbí tíì kan tí ẹ ó máa fi wọn òróró
- Ọ̀bẹ tó mú. Ọ̀bẹ tó kú kò lè rẹ́ kábéèjì bó ṣe yẹ, ìyẹn sì máa ba Ìpele kẹrin jẹ́ fún yín.

Ìpele kìn-ín-ní: Ẹ ka ẹ̀yìn pákẹ́ẹ̀tì

Ẹ mú pákẹ́ẹ̀tì kan tó wà nílé, ẹ yí i padà. Ẹ wá ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, ẹ wá kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ (kcal ni wọ́n máa ń kọ), ẹ sì wá sodium, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀.

Pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó jẹ́ 70 g sábà máa ń ní kálórì tó lé ní 300. Ohun tó fà á ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú núdù tó wà lọ́jà wa ni wọ́n ti din nínú òróró kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá. Òun náà ló jẹ́ kó máa jinná kíákíá. Ẹni tó bá se méjì, tó da ṣíbí ìjẹun òróró kan lé e (nǹkan bíi 120 kálórì nìyẹn nìkan), tó tún fọ́ ẹyin kan sí i, ti tó 800 kálórì. Ìyẹn kì bá burú tó bẹ́ẹ̀ bó bá mú ènìyàn yó pẹ́. Ṣùgbọ́n èròjà amáradàgbà (protein) inú pákẹ́ẹ̀tì kékeré kan kò ju ohun tó wà nínú ẹyin kan lọ dàbí alárà, fáíbà rẹ̀, ìyẹn apá oúnjẹ tí kì í tètè dà nínú ikùn, sì kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí ebi fi ń kanlẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó ku iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó 5 g iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Sodium tó wà nínú ìwọ̀n iyọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 2000 mg. Bí ẹ bá rí iye sodium lẹ́yìn pákẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5, ẹ ó mọ iyọ̀ tó jẹ́: 900 mg sodium jẹ́ 2250 mg iyọ̀, tó ju 2 g lọ. Ẹni tó bá jẹ méjì irú rẹ̀ lálẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iyọ̀ ọjọ́ kan tán, láìtíì ka ti àárọ̀ àti ọ̀sán. Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí yín, ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí kàn yín ju ti kálórì lọ.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Iye tí wọ́n kọ lè jẹ́ ti 100 g, nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì ọwọ́ yín jẹ́ 70 g tàbí 120 g. Ẹ ka àkọlé tó wà lókè iye náà dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán kárọ́ọ̀tì iwájú pákẹ́ẹ̀tì tàbí ọ̀rọ̀ pé àlìkámà odidi ni wọ́n fi ṣe é tàn yín. Ẹ̀yìn ni kí ẹ kà, kì í ṣe iwájú.

Ẹ̀yin tó ti fi sùpàgẹ́tì, búrẹ́dì tàbí gàrí rọ́pò rẹ̀, ẹ tẹ́tí. 100 g sùpàgẹ́tì gbígbẹ ní kálórì bíi 350 sí 370. Gàrí náà wà níbẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní èròjà amáradàgbà rárá. Gàrí rírẹ pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà kò dín ara ẹnikẹ́ni kù, bó ti wù kí omi tutù inú rẹ̀ jẹ́ kó fúyẹ́ lẹ́nu.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ lè dá iye kálórì tó wà nínú Indomie bí ẹ ṣe máa ń sè é gan-an, pẹ̀lú òróró àti ẹyin, sọ láìwo pákẹ́ẹ̀tì? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ń kó oúnjẹ sí.

Ìpele kejì: Ẹ se ẹ̀wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀wà ni òpó tó gbé gbogbo ètò yìí dúró. Ife kan ẹ̀wà tó ti jinná, tí kò ní epo, ní nǹkan bíi 200 kálórì, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ tó 13 g, fáíbà rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò ní máa jí wá ibi ìdáná lóru. Bí ẹ bá fi èyí wé pákẹ́ẹ̀tì kan, ẹ ó rí i pé kálórì rẹ̀ kéré, amáradàgbà rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì.

1. Ẹ ṣa ẹ̀wà, kí ẹ yọ òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ẹ fọ̀ ọ́ ní omi méjì.
2. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú Àbámẹ́ta, ẹ da omi ìrẹ náà nù láàárọ̀. Ẹni tí ẹ̀wà máa ń wú níkùn kò gbọdọ̀ fo ibí yìí.
3. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun àti àlùbọ́sà kan tí ẹ gé. Ẹ má tíì fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀wà olóyin tí ẹ ti rẹ máa rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan.
4. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹyọ rẹ̀ ṣì dúró. Ẹ má jẹ́ kó fọ́ di àsáró, torí ẹ ó tún gbé e kaná lálẹ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́.
5. Ẹ pín in sínú abọ́ onídèérí, ife kan sí abọ́ kan. Ààbọ̀ díríkà á fún yín ní nǹkan bí abọ́ márùn-ún sí méje.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Àwọn kan máa ń fi kánún sí i kó lè tètè rọ̀. Sodium wà nínú kánún náà, iyọ̀ tí ẹ ń sá fún ni ẹ tún gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ fi rírẹ tàbí ìkòkò onítẹ̀ẹ́mu (pressure pot) ṣe é.

Èkejì, wọn kì í pín in. Wọ́n á gbé odidi ìkòkò sínú fíríìjì, wọ́n á wá máa bù ú bí ebi bá ṣe pa wọ́n tó. Abọ́ kéékèèké ni òṣùwọ̀n yín. Bí ẹ kò bá pín in lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí inú yín tutù, ẹ kò ní pín in lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ẹ̀wà sísè lè lò. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, inú fírísà ni kó wà. Ẹ kó o sínú rẹ̀ kí wákàtí méjì tó pé tí ẹ sọ̀ ọ́. Bí iná yín bá ń lọ fún ọjọ́ gbáko, ẹ má dán fírísà wò: ẹ se ìdajì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìdajì lọ́jọ́rú, kí ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí yóò fi hó dénú, ọjọ́ méjì ni kó mọ. Ẹ̀wà tó bá ti ń fà, tó ń yọ ìfóófòó tàbí tó ń rùn kíkan, ẹ dà á nù. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí iná yín kì í lọ, ẹ lè se ti oṣù kan pa mọ́ sí fírísà lẹ́ẹ̀kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó tẹ́ láìjà, kí èèpo rẹ̀ má sì bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìpele kẹta: Ẹ se ata tó máa gba ipò sáṣẹ́ẹ̀tì èròjà

Ìpele yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ohun tí ahọ́n ń wá nínú Indomie kì í ṣe núdù fúnra rẹ̀. Adùn sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré inú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi oúnjẹ aláìládùn rọ́pò rẹ̀, ẹ ó padà síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èmi ò sì ní bá yín wí. Adùn wà nínú ilé wa. Irú, edé, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tó ti jinná dáadáa lè fún yín ní adùn tó jinlẹ̀ ju ti sáṣẹ́ẹ̀tì lọ, pẹ̀lú iyọ̀ tó kéré gan-an.

1. Ẹ lọ tàtàsé, tòmátò, ata ròdò àti àlùbọ́sà kan, ṣùgbọ́n kó má kúnná jù. Ó yẹ kí ẹ ṣì máa rí ègé kéékèèké nínú rẹ̀.
2. Ẹ dà á sínú ìkòkò láìsí òróró, ẹ gbé e kaná tó mọ níwọ̀n, ẹ ṣí ìdérí. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ.
3. Ẹ máa fetí sí ìkòkò. Níbẹ̀rẹ̀, híhó rẹ̀ máa ń dún lélélé bí omi lásán. Bí omi bá ṣe ń tán lọ, ohùn rẹ̀ á wúwo, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pọ́ḿ, pọ́ḿ, ata á sì máa ta sí ara ògiri àti ọwọ́ yín. Ẹ rẹ iná sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa fi ṣíbí fá ìdí ìkòkò.
4. Nínú ìkòkò kejì, ẹ gbóná òróró ṣíbí ìjẹun méjì péré. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ẹ má dà á láti inú ìgò. Ẹ da àlùbọ́sà kejì tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́ sí i títí á fi rọ̀ tí á sì máa pọ́n létí, kí ẹ tó fi aáyù, atalẹ̀ àti irú sí i.
5. Ẹ da ata tí omi rẹ̀ ti gbẹ náà sí i pẹ̀lú edé lílọ̀ àti iyọ̀ ṣíbí tíì kan tí kò ga. Ẹ dín in fún ìṣẹ́jú 15.
6. Ẹ ré efinrin lé e lórí lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀ ọ́.

Ìkòkò yìí á tó abọ́ mẹ́wàá, ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta fún abọ́ kọ̀ọ̀kan. Òróró tó kan abọ́ kan kò tó 25 kálórì. Iyọ̀ tó kàn án kò pé 1 g.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Mágì. Ẹni tó fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan sí i, tó tún fọ́ mágì mẹ́ta lé e, ti tún sáṣẹ́ẹ̀tì náà ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má fi mágì sí ọbẹ̀, ẹyọ kan fún gbogbo ìkòkò, kí ẹ sì yọ iyọ̀ kúrò pátápátá. Ẹ tọ́ irú yín wò kí ẹ tó fi iyọ̀ kankan sí i, torí àwọn tó ń tà á máa ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́.

Àwọn mìíràn kì í ní sùúrù kí ata gbẹ kí wọ́n tó da òróró sí i. Ata tí omi rẹ̀ kò tán máa ń kan, òróró púpọ̀ ni wọ́n sì fi ń bo kíkan náà mọ́lẹ̀. Bí ata bá gbẹ dáadáa, òróró kékeré tó o.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi ṣíbí la àárín ìkòkò kọjá. Bí ìdí ìkòkò bá hàn, tí ojú ọ̀nà náà kò sì dí lójú ẹsẹ̀, ata ti tó. Ẹ tọ́ ọ wò lórí ẹyọ ẹ̀wà kan: bí kò bá dùn débi pé ẹ fẹ́ tún bù ú, irú ni kí ẹ fi kún un, ẹ má fi iyọ̀.

Ìpele kẹrin: Ẹ kọ́ abọ́ mẹ́ta tí ẹ lè sè pẹ̀lú ojú oorun

Mẹ́ta tó. Ẹni tó bá kó ogún oríṣi jọ sínú fóònù kì í se ọ̀kankan nínú wọn.

*Abọ́ kábéèjì ẹlẹ́yin.* Òun ló jọ Indomie jù lójú àti lẹ́nu, òun sì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ la kábéèjì sí méjì, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí pákó, ẹ rẹ́ ẹ gbọọrọ, kó tínrín, kó sì gùn. Bí ẹ bá gé e kúkurú, ó di ohun tí wọ́n ń fi sí sàláàdì, kò ní wé mọ́ fọ́ọ̀kì. Ẹ rẹ́ kárọ́ọ̀tì kan bẹ́ẹ̀. Ẹ fi òróró ṣíbí tíì kan gbóná páànù, kí ẹ da kárọ́ọ̀tì sí i fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà ata Ìpele kẹta ṣíbí ìjẹun méjì àti omi ìdajì ife. Bó bá hó, ẹ da kábéèjì tó kún ọwọ́ méjì sí i, ẹ fọ́ ẹyin méjì sí àárín rẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ ṣí i, ẹ rò ó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí omi rẹ̀ tó gbẹ tán. Omi ata díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ abọ́ yẹn wà lára ohun tí ẹnu yín ń retí. Gbogbo rẹ̀ kò tó 350 kálórì, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ sì tó 15 g.

Ẹ kíyè sí i: kábéèjì nìkan, láìsí ẹyin, kò lè mú yín dúró. Láàárín wákàtí kan ebi á ti dé, ẹ ó sì sọ pé oúnjẹ ewé kò bá yín lára mu. Bí ẹyin bá tán nílé, ẹ fi ẹ̀wà ìdajì abọ́ tàbí ẹja gbígbẹ tí ẹ ti fọ̀ mọ́ tí ẹ sì ya wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì se kábéèjì títí tí á fi rọ̀ pátápátá. Ó yẹ kó ṣì máa dún díẹ̀ láàárín eyín.

*Abọ́ ẹ̀wà aláta.* Òun ló yá jù. Abọ́ ẹ̀wà kan, omi ìdajì ife, ata ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ègé ẹja kan. Nígbà tó bá hó, ẹ da ẹ̀fọ́ tí ẹ ti ré sí i, ẹ sọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá fẹ́ epo pupa, ṣíbí tíì kan ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìkòkò kan. Bí ẹ bá gbé e kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ Indomie, wọ́n á jọ jinná.

*Omi ata ẹja pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀.* Èyí wà fún òru òjò tàbí ọjọ́ tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn yín. Ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, tí ẹ gé roboto. Ife omi méjì. Atalẹ̀, ata ṣíbí ìjẹun kan, efinrin, ègé pańla tàbí títù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sè fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ẹja tó wọlé, kí ẹja má bàa fọ́ dànù. Ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo sọ, ẹ má sọ ọ́ di odidi.

Óòtì tí mo ní kí ẹ rà ńkọ́? Ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá tán ni tirẹ̀. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sí márùn-ún, omi, ata, ẹyin kan, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí àsáró ni yóò rí, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, àwọn tó ń lọ óòtì ife méjì láti fi ro òkèlè ràbàtà, tó wá ń yà wọ́n lẹ́nu pé ikùn kò wálẹ̀: 100 g óòtì ní kálórì bíi 380. Òkèlè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Indomie méjì, kí a tó ka ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi aago fóònù yín ka ìṣẹ́jú tí abọ́ àkọ́kọ́ gbà yín. Bó bá ju ìṣẹ́jú 12 lọ, ẹ wo ohun tó dá yín dúró. Ó sábà máa ń jẹ́ pé kábéèjì kò tíì gé sílẹ̀. Ẹ gé e lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ kó o sínú abọ́ onídèérí pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ mímọ́ lábẹ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò kejì ni ti ebi: bí ó bá pa yín kí wákàtí mẹ́ta tó pé, ẹ̀wà tàbí ẹyin ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe búrẹ́dì.

Ìpele karùn-ún: Bí Indomie kò bá lè kúrò nílé

Ọmọ wà nílé, ọmọ sì ń jẹ ẹ́. Àwọn ìyá ni mo fẹ́ bá sọ ibí yìí, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò kà wà: fọ́ọ̀kì mẹ́ta nígbà tí ẹ ń tọ́ ọ wò, àti àjẹkù ọmọ tí ẹ parí nítorí pé owó la fi rà á. Ẹ jẹ oúnjẹ tiyín kí ẹ tó se ti ọmọ. Ikùn tó ti kún kì í tọ́ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ dín ohun tí ẹ ń bù fún ọmọ kù, kó béèrè fún àfikún, kí àjẹkù má sì sí.

Ẹ má fi ọmọ ṣe dáyẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú yín o. Ọmọ ń dàgbà. Ẹ kàn fi ẹyin àti kárọ́ọ̀tì sí tirẹ̀, kí ẹ sì lo ìdajì sáṣẹ́ẹ̀tì.

Bó bá sì di dandan pé ẹ̀yin fúnra yín jẹ ẹ́, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì kékeré kan ṣoṣo. Ẹ bọ núdù nínú omi púpọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ fi asẹ́ da omi náà nù, díẹ̀ nínú òróró àti iyọ̀ rẹ̀ á bá a lọ. Ẹ kó o sínú páànù pẹ̀lú kábéèjì tó pọ̀ jù ú lọ, ẹyin kan, àti ata yín. Ẹ má fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta sáṣẹ́ẹ̀tì sí i, ẹ sọ ìyókù nù lójú ẹsẹ̀ kí ọwọ́ má bàa padà síbẹ̀. Ẹ má fi òróró kún un, òróró ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nínú abọ́ tí ẹ bù, ewé àti ẹyin ni kí ojú kọ́kọ́ rí. Bí núdù bá ṣì bo gbogbo rẹ̀, kábéèjì kò tíì tó.

Ẹ má sì ra odidi páálí pa mọ́. Mo mọ̀ pé ó dínwó díẹ̀, ṣùgbọ́n ogójì pákẹ́ẹ̀tì nínú ilé ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, wàhálà ni. Ẹ ra iye tí ọmọ máa jẹ lọ́sẹ̀ kan.

Ìpele kẹfà: Níta

Ọ̀dọ̀ mọ̀láà oníṣáì tó wà ní ìkóríta, ẹ kò ní láti sá fún un. Ẹ ní kó se ẹyin méjì fún yín, kó fi àlùbọ́sà, tòmátò àti ata sí i, kó fi òróró díẹ̀ dín in. Kí ẹ dúró tì í kó má da òróró láti inú ìgò bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ gba tíì láìsí mílíìkì dídùn. Ẹ fi búrẹ́dì sílẹ̀ tàbí kí ẹ gba ègé kan.

Ìyá ẹlẹ́kọ́ àti onímọ́ínmọ́ín ni ọ̀rẹ́ yín jù níta. Ẹ̀kọ́ tútù kan pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín kan oúnjẹ ni, ó sì ṣeé gbé. Ẹ ṣọ́ra fún mọ́ínmọ́ín tí òróró rẹ̀ ń dán lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ṣí ewé. Àkàrà dára, ṣùgbọ́n dídín ni wọ́n dín in. Méjì, kì í ṣe mẹ́fà.

Níbi iṣẹ́ tí omi gbígbóná wà tí iná ìdáná kò sí, ẹyin bíbọ̀ méjì láti ilé, kúkúmbà, àti óòtì tí ẹ ti pò mọ́ edé lílọ̀ àti ata gbígbẹ nínú ike: ẹ da omi híhó lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí ń gba ipò núdù onífe tí wọ́n ń jẹ lórí tábìlì iṣẹ́.

Ìpele keje: Ẹ wọn ìbàdí

Ẹ má gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Ẹni tó dín iyọ̀ kù máa ń rí i pé òṣùwọ̀n já wálẹ̀ kíákíá láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́; omi ara ló lọ, ọ̀rá kò tíì lọ, nítorí náà ẹ má torí rẹ̀ dáwọ̀ọ́ ìdùnnú tó fi máa di pé ẹ pa ètò tì nígbà tó bá dúró. Ẹ mú téèpù àwọn aránṣọ, ẹ wọn ìbàdí yín ní ìbámu pẹ̀lú ìdodo, láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí oṣù kan àti ààbọ̀ bá kọjá tí téèpù kò kúrò lójú kan, ẹ má dín ẹ̀wà kù, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi sùn. Òróró ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ṣé ṣíbí lẹ ṣì fi ń wọ̀n ọ́n, àbí ìgò ti padà? Lẹ́yìn òróró, ẹ wo ohun tí ẹ ń mu: mínírà, jùùsì inú páálí, móòtì. Ìgò kan irú rẹ̀ lójúmọ́ lè jẹ púpọ̀ nínú èrè tí ẹ rí lórí Indomie. Bí méjèèjì bá tọ́, tí téèpù ṣì dúró, ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ sílẹ̀ náà lọ bá onímọ̀ nípa oúnjẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kó bá yín wò ó.